Ta Ló Wà Nínú "A"?

Òṣogbo,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kìíní, ọdún 2024.

Fathiyyah àbúrò mi,

Àsàlámù aléékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ìlú yẹn kò pọ̀ jù? Àwa náà ń bẹ níbí, ìyàwó mi kí ọ, àwọn ọmọ kí ọ. Láti Iléyá ni mo ti ń retí lẹ́tà rẹ. Ohun tí mo rí gbà ni àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé pọ̀ lórí fóònù, n kò sì mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí ó dìgbóṣe. O mọ̀ pé n kì í ka ọ̀rọ̀ orí fóònù sí ọ̀rọ̀. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀, tí a sì kọ ọjọ́ sí lórí, òun ni mo mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà gidi sí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ará mọ́sálásí ń bi mí ohun tí ò ń kọ́ ní Padova ní Italy. Mo sọ fún Lèmọ́mù pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ wo?" Mo ní kì í ṣe iṣẹ́, ọ̀rọ̀-ìṣe ni, ti èdè kan tí wọ́n ń sọ lórí òkè ní Nepal. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí Ọlọ́hun fún ọ ní ọkọ rere. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo yí i padà, mo ní ìmọ̀ òfin lò ń kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ láti ilé, òfin ni kí o sọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ló wúwo. A ti fẹnu kò pé Màmá kò ní gbé ilé Bàbá ní Ìwó mọ́. Ilé náà tóbi fún ẹnì kan ṣoṣo, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga. A ti wá ibi tí ara yóò ti tù wọ́n, wọ́n ti wà níbẹ̀. A fẹ́ ti ilé náà pa báyìí, nítorí o mọ̀ pé láti ọdún mẹ́ta tí Bàbá ti kú ni àwa àti àwọn ọmọ Ìyá Azizah, ìyàwó wọn kejì, ti ń fa ilé yẹn ní kóòtù. A kò fẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀yìn wọlé.

Mo fi ìwé kan há inú lẹ́tà yìí, pé gbogbo ọmọ Màmá fọwọ́ sí i kí a ti ilé pa. Fọwọ́ sí i níbi tí mo kọ orúkọ rẹ sí, kí o dá a padà kíákíá.

Bá mi wo bàtà dúdú kan pẹ̀lú, nọ́ńbà mẹ́rìnlélógójì, èyí tí àtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nípọn.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bùràímọ̀.


Padova,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní, ọdún 2024.

Bọ̀ọ̀dá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Ẹ má bínú pé n kò kọ̀wé. Ọjọ́ mi pín sí mẹ́ta: yunifásítì, ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Ọláfúnkẹ́ nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, stazione, níbi tí mo ti ń dirun ní Sátidé, àti ìwé ìgbélùú mi, permesso, tí mo fẹ́ sọ dọ̀tun. Òtútù náà wà, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún Lèmọ́mù pé kì í ṣe òfin. Èdè náà ń jẹ́ Hambuli. Gbogbo ẹni tó ṣì ń sọ ọ́ láyé yìí kò lè kún mọ́sálásí yín. Ẹ wò ó: nínú èdè tiwa, "mo rí yín", "ẹ rí mi", "wọ́n rí wa", "rí" kan náà ni. Kò yí padà fún ẹnikẹ́ni. Nínú Hambuli, ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ló ń gbé gbogbo ẹrù. Ó ní ìrù lẹ́yìn, ìrù yẹn ló sì ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Tí ẹ bá wá ní "àwa", wọn kò ní jẹ́ kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ṣé àwa méjì ni àbí àwa púpọ̀? Ṣé ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, àbí kò sí níbẹ̀?

Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń jẹ́ Phulmaya ló ń kọ́ mi. Torino ni wọ́n wà, lọ́dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀, Sofia, tó jẹ́ ọmọ ìlú náà. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Èdè Italy ni àwọn ọmọ-ọmọ fi ń dá wọn lóhùn, nítorí náà inú wọn máa ń dùn tí wọ́n bá rí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbáwí ni mò ń gbà láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́ fi ẹnu mi sọ pé "a ti jẹun". Ìrù tí mo lò kó àwọn náà mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Èmi kò tíì jẹun. Ta ló bá mi jẹ ẹ́?"

Bọ̀ọ̀dá, nígbà tí mo wá ka lẹ́tà yín, ohun tó ṣe mí nìyẹn. A ti fẹnu kò. A ti wá ibì kan. A fẹ́ ti ilé pa. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni "a"? Èmi kò sí níbẹ̀, nítorí inú lẹ́tà yín ni mo ti gbọ́. Ṣé Màmá wà níbẹ̀? Ibo sì ni ibi tí ara yóò ti tù wọ́n yìí? Mo ti pe fóònù wọn lọ́jọ́ mẹ́rin léraléra, kò wọlé. N kò lè fọwọ́ sí ohunkóhun títí n ó fi mọ̀.

Bàtà yín kò ní ṣòro.

Àbúrò yín,
Fathiyyah.


Òṣogbo,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Fathiyyah,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Mo kí ọ.

Oríṣiríṣi ènìyàn ló ti dúró níwájú tábìlì mi ní kóòtù. Olè wà nínú wọn, ẹni tó lu ìyá ọkọ rẹ̀ wà nínú wọn. Kò sí ọ̀kan tó bi "a" léèrè ìwé ìdánimọ̀ rí. "A" ni àwa. Àwa ni ẹbí. Bí èdè àwọn ará òkè yẹn kò bá mọ ohun tí ẹbí ń jẹ́, tí wọ́n ní láti máa ka orí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yà mí lẹ́nu pé wọn kò kún mọ́sálásí.

Màmá wà. Ara wọn le. Fóònù wọn ló já sínú omi. Ibi tí wọ́n wà dára, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀. N kò rí ohun tí o fẹ́ fi àdírẹ́sì ṣe láti Padova.

Bó bá jẹ́ pé ìṣirò ni a fẹ́ ṣe, jẹ́ kí a ṣe é. Nígbà tí Bàbá kú, o ní ìwé ìgbélùú rẹ kò tíì jáde, o kò lè wá. Mo gbà. Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè láti gbà wọ́n. O kọ̀wé nígbà náà pé, "A dúpẹ́ pé a sin Bàbá dáadáa." N kò bi ọ́ léèrè ta ni "a".

Fọwọ́ sí ìwé.

Bùràímọ̀.


Padova,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ọ̀rọ̀ Bàbá tí ẹ sọ wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni. N kò ní àwíjàre.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Torino lánàá. A jẹun ọ̀sán tán, Sofia ń gbé kọfí wá. Ọkọ rẹ̀ kọjú sí ìyá rẹ̀, ó fi èdè wọn sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ti kọ́ ọ sórí: "A ti gbà pé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ẹ ó lọ sí casa di riposo." Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nìyẹn. Ìrù tó fi sí "gbà" ni ti gbogbo wa pátá, pẹ̀lú ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà gbé ife wọn sílẹ̀. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, ṣùgbọ́n wọ́n gé ìrù rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi òmíràn sí i: ẹ̀yin méjì gbà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni gbogbo rẹ̀. Sofia kò gbọ́, ó ń bi wá ta ló fẹ́ ṣúgà. Ọmọ wọn dìde, ó lọ dúró níta ní balcone láìwọ ẹ̀wù òtútù. Èmi ni mo jókòó tí mò ń kọ ọ́ sínú ìwé mi, nítorí pé àpẹẹrẹ tó dára ni. Ojú ara mi tì mí.

Ohun tí mo rò nípa Màmá nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá. Mo rò pé ẹ kó wọn bí ẹrù, ẹ wá pe ìyẹn ní "a". Bó bá jẹ́ irọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn wọn.

Níwọ̀n bí ẹ kò ti fẹ́ sọ ibi tí wọ́n wà, mo ti kọ̀wé sí Azizah pé kó bá mi wá wọn. Mo sọ ohun gbogbo fún un, títí dórí Hambuli. Mo mọ̀ pé a kì í bá Azizah sọ̀rọ̀. "A" tí kì í bá a sọ̀rọ̀ yẹn náà, n kò rántí ọjọ́ tí mo wọ inú rẹ̀.

Fathiyyah.


Padova,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Bọ̀ọ̀dá mi,

Mo kí yín. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kò dáhùn. Azizah náà kò dáhùn. Fóònù Màmá kò wọlé. Àǹtí Ọláfúnkẹ́ ní kí n yéé dirun títí ọkàn mi yóò fi balẹ̀, nítorí mo di orí oníbàárà kan le débi pé kò lè pa ojú dé.

Bí ẹ bá ń bá mi bínú, ẹ kọ ọ́. Kìkì kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sí i nípa Màmá.

Fathiyyah.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Fathiyyah ọmọ mi,

Ọlọ́hun á dì ọ́ mú lórí yìnyín. Á jẹ́ kí o jèrè ìwé rẹ, á sì fi ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ yé ṣe ọkọ rẹ. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Èmi Ùmmùkùlsùmù ìyá rẹ ni mò ń fọwọ́ ara mi kọ èyí. Azizah ni yóò tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ó ní òun kò ní yí ohunkóhun padà. A ó máa wò ó.

Fóònù mi kò já sínú omi kankan. Mo pa á ni. Ìgbà mẹ́fà lójúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń pè mí, kó lè sọ ohun tí àwọn ẹbí ti pinnu fún mi.

Gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ní oṣù Kọkànlá, mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn, mo sì dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Mo ní kí wọ́n má sọ fún ọ bó ṣe le tó. Bùràímọ̀ fi oògùn rán awakọ̀ sí mi. Ìwọ fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ìyá Azizah wọ bọ́ọ̀sì láti Ìlá, èmi àti ẹni tí a kò bára wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ fìdáù Bàbá yín. Ó wọlé, kò kí mi. Ó lọ tọ́ ọbẹ̀ tó wà nínú ìkòkò wò, ó ní, "Iyọ̀ yìí ti pọ̀ jù fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá." Mo ní ọgbọ̀n ọdún ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọgbọ̀n ọdún náà ni iyọ̀ ti ń pọ̀. A rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ló sùn sí títí mo fi dìde.

Lẹ́yìn náà, àwa méjèèjì jókòó, a sọ ọ́. Ilé rẹ̀ ní Ìlá kò ní àtẹ̀gùn. Mo kó aṣọ mi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo kọ ìwé pélébé kan sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Bùràímọ̀ dé, ó bá ilé lófìfo, ó ka ìwé náà. Àfi bó ṣe lọ ń sọ fún gbogbo Òṣogbo pé "a ti fẹnu kò". Kò sí níbẹ̀ nígbà tí a fẹnu kò! Ojú ló ń tì í pé ìyá òun kó lọ bá àwọn tí òun gbé lọ sí kóòtù.

Má rò pé Ìyá Azizah ti di ańgẹ́lì. Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, á ti bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ní Ìwó, ilẹ̀ lè ṣú kí n má tíì rí ẹni tó máa bí mi nínú.

Ìwọ náà ṣẹ̀ mí. O bi Bùràímọ̀ bóyá mo wà nínú "a". O kọ̀wé bi Azizah. Èmi ńkọ́? Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, mo mọ̀wé é kọ, mo mọ̀ ọ́n kà. O ti pinnu láti Padova pé wọ́n gbé mi sọ síbì kan, o sì ti ń bá mi ja ìjà tí n kò rán ọ. Mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ó dùn mí.

Má fọwọ́ sí ìwé kankan. Azizah ka ohun tí o sọ nípa èdè yẹn sí wa létí. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ní ìrù kan fún ẹni méjì péré, tí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ kò sí nínú rẹ̀? Kọ ọ́ ránṣẹ́. Ìyá Azizah ní òun fẹ́ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn.

Ìyá rẹ.


Òṣogbo,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Fathiyyah,

Àsàlámù aléékúmù. O kú ààwẹ̀, Ọlọ́hun á gbà á. Lẹ́tà rẹ méjèèjì wà níwájú mi láti ọjọ́ yìí. N kò dáhùn nítorí pé gbogbo gbólóhùn tí mo bá bẹ̀rẹ̀, "a" ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Màmá ti sọ fún ọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ló rí.

Àná ni mo lọ sí Ìlá. Mo gbé fáìlì dání, mo sì ti ro ohun tí n ó sọ láti Òṣogbo dé ibẹ̀. Mo bá ọ̀rọ̀ kan lára ilẹ̀kùn, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́: CHIGA. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ti wá; Màmá padà sọ fún mi pé "àwa méjì, láìsí ìwọ" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì dáhùn pọ̀, "Ta ni?"

Mo ní, "Bùràímọ̀ ni."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ìyá Azizah wá gbé ohùn sókè: "Ìwọ àti ta ni?"

Mo wo ẹ̀yìn mi. "Èmi nìkan ni, mà."

Ìgbà náà ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n fẹ́ ṣínu. Kókó àti àkàrà ló wà ńlẹ̀, wọ́n sì ń jà lórí pé ṣé dábínù kan ni kéèyàn fi ṣínu ni àbí mẹ́ta. Kí n tó ṣí fáìlì, Màmá ti ní kí n gun àga, kí n bá wọn pààrọ̀ gílóòbù yàrá. Mo pààrọ̀ mẹ́ta. Orí àga ni mo wà tí wọ́n fi bi mí pé, "Nígbà tí mo ṣubú, Bùràímọ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ awakọ̀ ló wá?"

Mo ní ìdáhùn mẹ́rin. Iṣẹ́ kóòtù, ọ̀nà tí kò dára, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìpàdé mọ́sálásí. Mo gbé gbogbo wọn mì, mo tún ń yí gílóòbù tó ti le. Ìyá Azizah ló ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n sọ̀ kalẹ̀ ná, ó fi àkàrà gbígbóná lé mi lọ́wọ́. Omi dà lójú mi. Mo ní ata ni. Màmá ní kò sí ata nínú àkàrà náà, Ìyá Azizah ní ó wà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jà.

Lónìí, mo sọ òótọ́ fún Lèmọ́mù, pé ìyá mi lọ ń gbé pẹ̀lú orogún wọn láìbi mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ti ní kí lọ́yà dá ẹjọ́ dúró. N kò ní kó fà á ya o. Kó dá a dúró ni mo ní.

Ìwé tí mo fi ránṣẹ́ yẹn, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ láìfọwọ́ sí.

Bùràímọ̀.


Padova,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024.

Bọ̀ọ̀dá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka lẹ́tà yín, kí n tó dé Verona. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, obìnrin tó jókòó tì mí sì fún mi ní bébà ìnujú láìbi mí ní nǹkan kan. Mo ti bẹ Màmá. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, pé kí n máa pe àwọn lọ́jọọjọ́ Àìkú, kí n má sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn kọ ìwé.

Ẹ ò bi mí nípa ìyá àgbà Torino, ṣùgbọ́n n kò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọdún Àjíǹde ni wọ́n gbé wọn lọ. Ilé náà mọ́, ó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú, àwọn nọ́ọ̀sì ń pè wọ́n ní "nonna", ìyá àgbà, tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò sí ẹni tó jẹ wọ́n níyà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, wọn kò fi èdè wọn bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ mọ́, àfi ti Italy. "Buongiorno." "Grazie." "Prego." Bí ẹni tó wọ ilé oògùn lọ ra nǹkan. Ó ń lọ lọ́jọ́ kejì kejì, ohun tó ń gbà nìyẹn.

Lánàá ló dúró dè mí ní stazione. Ó ní, "Ìwọ lo mọ gírámà wọn. Kí ni kí n sọ?" Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló wà nígbà tí wọ́n rán an lọ síléèwé ní ìlú ńlá, Hambuli ọmọdé ló ṣì ń sọ. Mo bi í pé kí ló ti sọ fún wọn. Ó ní, "Mo ní a ṣe é nítorí pé a fẹ́ràn yín."

Mo ní kó yọ "a" kúrò.

"Ta ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?"

"Ta ló gbé wọn lọ?"

A wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀, a kọjá ibùdókọ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n kọ́ òun. Ẹ fojú inú wò ó, Bọ̀ọ̀dá: èmi ọmọ Ìwó, nínú bọ́ọ̀sì ní Torino, mò ń kọ́ ọkùnrin tó ti ń hu ewú ní èdè ìyá tó bí i. Ìrù kan ṣoṣo ni, "na". Òun ló ń gbé "èmi" àti "ẹ̀yin" pọ̀: èmi ló ṣe é, ẹ̀yin ni mo ṣe é sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe "mú wá" ni "khet". Khetna. Ó ń sọ ọ́, ó ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni a ti bá wọn, wọ́n ń bó ọsàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n ní, "Buongiorno."

Ó kúnlẹ̀. N kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó ní, "Khetna." Èmi ni mo mú yín wá síbí. Ó gbé ìparí rẹ̀ mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yéni.

Wọ́n gbé ọsàn sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ wọn. Wọ́n wá rọra sọ ọ́ bó ṣe yẹ kó rí, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọwọ́ ní ọ̀rọ̀: "Khet. Na."

Ó tún un sọ. Wọ́n mi orí, kò tíì dára. Wọ́n sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún un sọ. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wà títí nọ́ọ̀sì fi wá sọ pé àkókò àbẹ̀wò ti tán.

Àbúrò yín tó ń rántí yín,
Fathiyyah.